Ṣọlá, ọ̀rọ̀ ìgbín tó o bi mí

Ṣọlá ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni gbogbo nǹkan, ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, mo rẹ́rìn-ín gan-an níbi tó o ti ní ṣé wọ́n ṣì ń rí ìgbín tuntun, ìyẹn irú tẹ́nì kankan ò tíì fún lórúkọ rí, láyé yìí ni. Wọ́n ń rí i o! Iṣẹ́ tó gba gbogbo àsìkò mi nìyẹn, jókòó dáadáa jàre.

Inú igbó kọ́ ni wọ́n ti ń rí i ṣá, orí tábìlì ni. Nínú igbó, ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà la kàn máa ń kó sínú àpò. Tá a bá délé, a ó sá a kó gbẹ, a ó jọ̀ ọ́, a ó wá dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, a ó rò ó, iyẹ̀pẹ̀ á rì, àwọn ìkarahun tó ti ṣófo á léfòó torí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, la ó bá fi ajọ̀ tójú ẹ̀ kéré gbọ́n wọn jáde. Òmíì kéré débi pé tó o bá sín báyìí, ó ti fò lọ nìyẹn. Ní 2015 wọ́n kọ̀wé nípa ìgbín kan tó ń jẹ́ Angustopila dominikae tó wá láti Guangxi ní Ṣáínà, gíga ìkarahun ẹ̀ ò ju 0.86 mílímítà lọ, ó wọnú ihò abẹ́rẹ́ dáadáa, síbẹ̀ lọ́dún kan náà ni wọ́n tún kọ̀wé nípa Acmella nana láti erékùṣù Borneo tó kéré jù ú lọ, bíi 0.7 mílímítà!

Ó wá kan máíkírósíkópù. Wàá gbé orí ìkarahun sókè, kẹ́nu ẹ̀ kọjú sí ẹ: tẹ́nu bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ, ọ̀tún ló lọ́ sí, tó bá wà lósì, òsì ni. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló lọ́ yípo? Ṣé eyín wà lẹ́nu ẹ̀? Ṣé ó ní ìdodo, ìyẹn ihò kékeré àárín ìkarahun, nísàlẹ̀ àbí ó ti dí pa?

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ìkarahun máa ń parọ́. Irú ìgbín kan náà lè yàtọ̀ síra torí pé ibì kan gbẹ, ibì kan tutù, àwọn méjì míì á jọra bí ìbejì, tó o bá wá la ara wọn wò, nǹkan ọmọ bíbí inú wọn ò bára mu rárá, DNA náà á sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní France ní bíi 150 ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ ìgbín kan tó ń jẹ́ Bourguignat ń fún ìgbín lórúkọ tuntun nítorí ìyàtọ̀ bíńtín, ọ̀pọ̀ orúkọ yẹn ti di orúkọ kejì fún èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn kéèyàn máa sọ orúkọ látara ìkarahun ẹyọ kan, àmọ́ àwọn tín-ín-tín yẹn, òfìfo nìkan la sábà máa ń rí, kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Ti pé ẹbí wo ló wà, ìyẹn ò tíì parí. Lọ́dún 1758, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Helix, ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ṣètò orúkọ àwọn ohun alààyè, fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìgbín ilẹ̀ sí, àtìgbà náà la ti ń tú u palẹ̀. Òfin orúkọ sì le: láti 2000, tó ò bá tọ́ka sí holotype, ìyẹn ẹyọ kan pàtó tó jẹ́ ẹlẹ́rìí orúkọ náà, tàbí àwọn syntype, ìyẹn ẹyọ mélòó kan tó jọ jẹ́ ẹlẹ́rìí ẹ̀, orúkọ ẹ ò dúró.

Kí ló dé tá a fi ń yọ ara wa lẹ́nu? Wo àwọn òkè òkúta ẹfun ní Malaysia. Ìgbín nílò ẹfun fún ìkarahun, torí náà òkè kan lè ní tiẹ̀ tí kò sí níbòmíì. Plectostoma sciaphilum, òkè kan ṣoṣo ló wà, wọ́n fọ́ òkè náà ṣe òkúta, ìgbín náà ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí àwọn tó sọ ìgbín kan ní Charopa lafargei ní 2014, orúkọ Lafarge, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ń fọ́ òkè tó ń gbé nígbà yẹn, ni wọ́n fún un, pé kójú máa ti ilé iṣẹ́ náà láti pa á run.

Ní báyìí, èyí kan wà lórí tábìlì mi tẹ́nu ẹ̀ ò jọ ti èyíkéyìí tí mo mọ̀. Mo ti ní kí músíọ́mù kan fi fọ́tò holotype tó sún mọ́ ọn jù ránṣẹ́ sí mi. Tí wọ́n bá fèsì, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Kí gbogbo ilé fún mi o.

Èmi ni,
Dèjì