Bàbá ń sọ̀rọ̀, a ò gbóhùn

Adéwọlé, Ìlọrin
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọmọ Alákàrà mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di panla? Fílááṣì tí o fi rán ọmọ àbúrò ọkọ rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni Ìyá ò ti jẹ́ n mí. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń wo yìgì rẹ lórí fóònù, Bàbá kéré bí èèrà. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fẹ́. DVD wa àtijọ́ ò sì níhò fílááṣì.

Ni mo bá gba Òpópónà Táíwò lọ láti ra ẹ̀rọ DVD tuntun. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ ní, "Àǹtí, kò sí fídíò tí eléyìí ò gbé." Mo yọ fílááṣì lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi. Ẹ̀rọ náà ò tilẹ̀ rí i: ọ̀nà ìtò fílááṣì tí wọ́n ń pè ní NTFS ni ọkọ rẹ fi ṣètò rẹ̀, irú FAT32 nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. FAT32 ẹ̀wẹ̀ kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Ọmọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ló bá mi tò ó sí FAT32, tó sì gé fídíò náà sí méjì. Òun ló là mí lóye pé AVI àti MKV tá a ń rí lẹ́yìn orúkọ fáìlì, àpò lásán ni. Ohun tó wà nínú àpò ni ká bi ẹ̀rọ léèrè. Àwọn ẹ̀rọ tó ní àmì DivX níwájú ń gbé àwòrán irú DivX, wọ́n sì máa ń gbé Xvid, ṣùgbọ́n irú H.264 ni tìrẹ.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni àwòrán ti jáde, ó mọ́ kedere. Alámùúlégbè wọn ti gbé gbohùngbohùn síta, dàdàkúàdà ń dún bí ààrá. Mo sanwó.

A délé, a tàn án. Bàbá jókòó pẹ̀lú láwàní, ẹnu wọn ń mì, kò sóhùn! Mo pe ọmọkùnrin yẹn, ó ní irú AAC ni ohùn inú rẹ̀, irú MP3 àti AC3 ni ẹ̀rọ mi gbọ́. Àwòrán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ta ló mọ̀?

Ìyá kàn fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí ẹnu Bàbá bá ti dúró díẹ̀, wọ́n á ní "Àmín."

Ẹ̀gbọ́n mi tún ti fẹ́yàwó, má bi mí. Mo ti fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Má ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ o. Nọ́ńbà agbègbè tí àwo àti ẹ̀rọ DVD gbọ́dọ̀ fi bára mu, 2 ni tọ̀dọ̀ yín, 5 ni tiwa, ó lè kọ àwo fíìmù ibí. Jọ̀ọ́, ní kí ọkọ rẹ sọ ohùn yẹn di MP3, kí apá kọ̀ọ̀kan má tó 4 GB. Kó yá a. Ojú ọ̀tún Ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní òsì ṣì tó wo ọkọ àwọn.

Ṣùgbọ́n kó tó dé: níbi tí Bàbá ti di ọwọ́ rẹ mú, tí o fi ìbòrí nujú, kí ni wọ́n sọ? Ìyá ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta mo parọ́, mo ní orúkọ àwọn ni Bàbá dá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé wọn lọ. Ẹ̀rù ọjọ́ tí ohùn yóò dé wá ń bà mí. Kọ ọ́ fún mi, bó ṣe jẹ́ gan-an.

Èmi ni,
Ẹlẹ́yìnjú rẹ