Ọ̀rọ̀ Karachi kò parí síbi tí òǹkọ̀wé yín parí rẹ̀ sí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí ó má ṣe gba ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá sẹ́nu iṣẹ́ ọba mọ́, tí ó sì fi ìlú Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní lọ́dún 1972, àwọn onílẹ̀ fi òfin gba èdè wọn padà lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì fi ọdún 29 ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra kí èdè wa gbilẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ òǹkọ̀wé yín nínú ló dá a dúró sí.

Òtítọ́ ni pé àwọn Sindhi, tí í ṣe onílẹ̀ ní Sindh, ìpínlẹ̀ tí Karachi wà, ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1941, nínú gbogbo 100 ènìyàn tó ń gbé Karachi, bí 61 ló ń sọ Sindhi nínú ilé wọn. Nígbà tí yóò fi di 1951, wọn kò pé 9 mọ́, àwọn tó ń sọ Urdu sì ti tó ìdajì ìlú. Pípín tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947 ló fà á: àwọn Híńdù tó ń sọ Sindhi kó ẹrù wọn lọ sí Íńdíà, àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ Urdu, tí wọ́n ń pè ní Muhajir, sì wọlé láti Delhi àti àwọn ìlú mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn mọ̀wé, iṣẹ́ ọba sì wà nílẹ̀. Ní 1948, ìjọba yọ Karachi kúrò lábẹ́ Sindh kí ó lè jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1950, yunifásítì ìlú náà kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Sindhi dáhùn ìdánwò mọ́. Ẹni tí àlejò wá bá nílé, tí wọ́n tún ní kó máa fi èdè àlejò kí ará ilé rẹ̀ káàárọ̀, inú rẹ̀ kò lè dùn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1972, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sindh fọwọ́ sí àbádòfin kan. Apá tó jẹ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ kò burú: kí ọmọ láti kíláàsì 4 dé 12 máa kọ́ Sindhi àti Urdu pọ̀. Apá kejì ni ọ̀rọ̀ wà, èyí tó fún ìjọba láṣẹ láti máa mú èdè Sindhi wọ àwọn ọ́fíìsì, ilé ẹjọ́ àti ilé aṣòfin díẹ̀díẹ̀. Báwo ni díẹ̀díẹ̀ yẹn yóò ti pẹ́ tó? Òfin kò sọ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí akọ̀wé ẹni ọdún 45 tó ti ń fi Urdu àti Gẹ̀ẹ́sì kọ fáìlì láti ìgbà èwe rẹ̀, tó sì ní ọmọ mẹ́fà nílé? Òfin kò sọ. N kò dé Karachi rí, ṣùgbọ́n mo mọ akọ̀wé yẹn. Mo mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń pa rọ́rọ́ nígbà tí ìwé àṣẹ tuntun bá dé láti òkè, tí ẹnì kan sì ti ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé àwọn kan yóò lọ sílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni mo fẹ́ yà sí báyìí. Ìwé ìròyìn Jang, tí wọ́n ń fi èdè Urdu tẹ̀, fi ìlà dúdú yí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ po bí ẹni kéde òkú, ó sì gbé ewì kan síbẹ̀ tó ní òkú èdè Urdu ni wọ́n ń gbé lọ sin, kí wọ́n gbé e jáde tariwo-tariwo. Mélòó nínú àwọn tó rí ìlà dúdú yẹn ni yóò ti ka àbádòfin náà fúnra wọn? Iná sọ ní Karachi àti ní Hyderabad (ti Sindh ni mo ń wí, kì í ṣe ti Íńdíà). Àdúgbò Liaquatabad ní Karachi gbóná janjan, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ohun tí òǹkọ̀wé yín fò pátápátá ni bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Zulfikar Ali Bhutto tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, tó sì jẹ́ ọmọ Sindh fúnra rẹ̀, pe ìhà méjèèjì jókòó, wọ́n sì gbé àṣẹ jáde pé fún ọdún 12 gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàdánù iṣẹ́ tàbí ìgbéga nítorí pé ọ̀kan nínú èdè méjèèjì ni kò gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Wọ́n ìbá ti kọ ọ́ sínú àbádòfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Ní ti pé onílẹ̀ gba èdè padà, nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2017, Urdu ṣì ni èdè abínibí bí 42 nínú 100 ará Karachi, Sindhi kò ju bí 11 lọ. Ìkùnsínú àwọn Muhajir kò sì tán. Ó di ẹgbẹ́ òṣèlú MQM ní 1984, ìlú náà sì rí ìjà tó burú ju ti 1972 lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Èkó ti ṣe òfin lórí èdè wa ní 2018, pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Mo fara mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò dáná sun táyà nítorí rẹ̀, torí kò sọ fún òṣìṣẹ́ kankan pé kó máa lọ sílé. Ti ẹnu iṣẹ́ yàtọ̀, mo sì ní ohun kan tí mo rí fúnra mi láti sọ lórí rẹ̀. Obìnrin kan láti Benue wá gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí mo wà. Akọ̀wé tó jókòó tì mí bi í léèrè orúkọ bàbá ọmọ ní Yorùbá, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń pariwo sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà na káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i, ó sì fi ìka tọ́ orúkọ náà. Akọ̀wé ti káàdì náà padà, ó ní kó lọ kọ́ Yorùbá ná. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ká káàdì náà sí etí ìró rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó sì jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé apá kejì àpilẹ̀kọ yẹn jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣèlérí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí òǹkọ̀wé yín kọ iye ọdún tí ó fẹ́ kí Èkó fún òṣìṣẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, kí ó sì kọ ẹni tí yóò san owó olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì,
Mushin, Èkó.