Mọ́tò tá a fẹ́ háyà lọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará wa n'Iléṣà, ẹ kú ìmúra o. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má tíì sanwó mọ́tò o. Èmi ni mo lọ háyà bọ́ọ̀sì lésìí, mi ò ṣí búùtù wò, ìgbà tí táyà bẹ́ lẹ́yìn Gbọ̀ngán la tó rí i pé kò sí táyà míì níbẹ̀, kò sí jáàkì, inú oòrùn làwọn ìyá wa jókòó sí fún wákàtí 2, ó ṣì ń dùn mí. Lọ́tẹ̀ yìí a máa wo pépà ẹ̀ àti láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà, ká fi fóònù ya gbogbo ibi tó ti ha ká tó gbéra, kí wọ́n má bàa ní àwa la ṣe é. Ta ló ń ra epo? Aago mélòó la máa dá a padà? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó fún wọn ní kọ́bọ̀.