Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Ti Dárúkọ Apànìyàn fún Wa Kí Eré Tó Parí

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pé ọdún 3 tí mo ti ń bá yín ra fíìmù wò, n kò sì jẹ́ kí owó àsansílẹ̀ mi pẹ́ rí. Ohun tí ẹ ṣe fún wa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá dùn mí wọ akínyẹmí ara, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Èmi àti ìyàwó mi ń wo Forbrydelsen lọ́dọ̀ yín, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ilẹ̀ Dẹ́nmárkì tó jáde lọ́dún 2007. Wọ́n bá òkú Nanna Birk Larsen, ọmọ ọdún 19, nínú búùtù ọkọ̀ tó wà lábẹ́ omi. Sarah Lund, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti di ẹrù rẹ̀ pé òun ń kó lọ sí Swídìn, kò lè lọ mọ́. Apá 20 ni eré náà, ọjọ́ kan nínú ìwádìí sì ni apá kọ̀ọ̀kan. Torí bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò pé apá kan péré la ó máa wò lálẹ́, kí ọjọ́ tiwa àti ọjọ́ tiwọn jọ máa rìn. Bí a bá ti pa tẹlifíṣọ̀n ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní olùkọ́ ọmọ náà ni. Èmi ní rárá, olóṣèlú tó ń du ipò olórí ìlú ni kí wọ́n mú, ṣebí ọkọ̀ ìpolongo rẹ̀ ni wọ́n bá òkú nínú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, kálukú á ti yí ohùn padà. Ó pẹ́ tí èmi àti ìyàwó mi ti jókòó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ kejìlá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni fóònù mi dún. Ẹ̀yin lẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ ní kí n wá wo bí eré náà ṣe parí, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lẹ sì ti dárúkọ apànìyàn. Mo ti kà á sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. N kò ní kọ orúkọ yẹn síbí, torí ẹni tí lẹ́tà yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́dọ̀ yín lè má tíì wo eré náà. Ìyàwó mi dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó wọlé lọ. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, gbólóhùn yẹn náà ló wà lábẹ́ apá 20 nínú áàpù yín, gbangba, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ti lè bá a.

Mo pè yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fi ọmọlúàbí bá mi sọ̀rọ̀, n kò bá a wí rárá. Àmọ́ ohun tí ẹ ní kó máa sọ ni pé eré tó ti pẹ́ ni, gbogbo ayé ló ti mọ bó ṣe parí. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó ṣe eré náà ṣe tọ́jú àṣírí yìí tó. Oṣù kìíní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n DR bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Wọ́n ṣe apá 10, wọ́n dúró. Oṣù kẹsàn-án ni apá kọkànlá tó dé, oṣù kọkànlá ló parí. Odidi ìlú dúró fún oṣù mẹ́fà láìmọ ẹni tó pa ọmọ náà. Søren Sveistrup tó kọ ọ́ kò sọ fún àwọn òṣèré pàápàá. Wọ́n ń ṣeré lọ láìmọ̀ bóyá àwọn ni apànìyàn, títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Ohun tí wọn ò sọ fún ẹni tó ń ṣe apànìyàn gan-an lẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù.

Kì í ṣe àlọ́ àpamọ̀ lásán ni eré yìí. Ìyá àti bàbá ọmọ náà ló gbà mí lọ́kàn jù, Pernille àti Theis. Wọn kò mọ nǹkan kan, àwa náà kò mọ̀, a jọ ń fura sí ènìyàn ni, a jọ ń ṣì í mú. Ní báyìí tí mo ti mọ̀, ó dà bí ẹni pé mo mọ ẹni tó pa ọmọ wọn, mo sì ń wò wọ́n níran. A gbìyànjú apá 12 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ẹni yẹn bá ti yọjú, ọwọ́ rẹ̀ nìkan la ń wò, a kò gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò lábẹ́ apá 20 lónìí, kí ẹ sì yẹ gbogbo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kù wò. Áàpù yín mọ ibi tí mo wò dé, òun ló ń gbé mi padà síbẹ̀ lálaalẹ́. Kí ló dé tí ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kò kọ́kọ́ wo ibẹ̀? Ẹ kọ̀wé sí mi láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti tún ṣe. Oṣù kan ọ̀fẹ́ tí ẹ fi lọ̀ mí, ẹ gbà á padà. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí n kò gbọ́ nǹkan, n kò ní sanwó oṣù tó ń bọ̀.

Apá 8 ló kù fún wa. Ìyàwó mi ní òun kò wò ó mọ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín