Àbẹ̀kẹ́, Fi Ẹnu Kà Á Ná

Kubwa, Àbújá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́. Ìṣirò owó ni o kà jáde, o wá dé ilé-ìwé tí wọ́n pín ọ sí ní Sókótó, wọ́n ní àwọn ò ní olùkọ́ lítíréṣọ̀, kí agùnbánirọ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ewì. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́, pé ewì ò yé ọ rí láyé rẹ. Má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí ìyá bàbá rẹ máa ń kì l'Ọ́fà, tí wọ́n á ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Olálọ̀mí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, tí wàá dúró gbagidi, tí wàá gbàgbé ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ rẹ! Ta ló ṣàlàyé Olálọ̀mí fún ọ nígbà yẹn? Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé gan-an, àwọn ibì kan wà nínú oríkì yẹn tí n kò lè túmọ̀ títí dòní. Mò ń kì í lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àti etí ni ewì kọ́kọ́ ń bá ṣiṣẹ́. Òye ń bọ̀ lẹ́yìn, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í dé tán. Ilé-ìwé ló sọ ewì di àlọ́ àpamọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ ìdánwò tó máa ń sọ ohun tí akéwì ní lọ́kàn kí o tó ka ìlà kan, gbé wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí ná. Nígbà tí o bá dá wà nínú yàrá, ka ewì náà sókè, kí o tún un kà. Má máa dúró ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọmọdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ni kí o ti mí, ìbáà jẹ́ àárín ìlà. Ọ̀pọ̀ ewì tí wọ́n ní ó le, bí wọ́n ṣe ń kà á ló le.

Wò ó bóyá o máa rí ewì méjì tó ń jẹ́ “Abiku”, ọ̀kan ti Wọlé Ṣóyínká, ìkejì ti J. P. Clark. Ka méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Nínú ti Ṣóyínká, àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ewúrẹ́, owó ẹyọ àti epo pupa tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ti Clark, ará ilé ló ń bẹ ọmọ. Wọ́n ní lóòótọ́ ni òrùlé àwọn ń jò, lóòótọ́ ni àdán àti òwìwí ń já wọlé lóru, àmọ́ ilé náà ni àwọn yòókù gbé yè. Àwọn mọ àpá ọ̀bẹ tó wà lára rẹ̀, ó ti sú ìyá tó ń bí i, kó dúró. Bí o bá fi ohùn ẹ̀bẹ̀ ka ti Ṣóyínká, o bà á jẹ́. Bí o bá fi ohùn gàràgàrà ka ti Clark, o bà á jẹ́ náà. Torí náà, ohun tí màá kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ yẹn ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀? Èmi fẹ́ràn ti Clark jù. Bàbá rẹ ní ti Ṣóyínká ló lágbára. A jiyàn rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja dé Gwagwaládà, wọn ò gbà, èmi náà ò gbà.

Má sì rò pé o kó àjèjì ọ̀rọ̀ wọ ìlú àwọn ọmọ yẹn. Sókótó tí o wà ni Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio, ti kọ ewì ní èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá. Ọdún 1793 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1864. Ewì rẹ̀ ò jókòó sínú ìwé. Àwọn obìnrin tó kọ́ ló há a sórí, wọ́n gbé e lọ sí ìletò, wọ́n fi ń kọ́ àwọn obìnrin tí kò lè jáde nílé ní ìmọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn tó ń ṣáájú wọn a máa dé akẹtẹ̀ malfa, wọ́n á fi aṣọ pupa wé e. Nígbà tí Aisha, ọ̀rẹ́ Asma'u, kú, ewì ni Asma'u fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ lọ bi ìyá wọn àgbà bóyá wọ́n mọ irú ewì bẹ́ẹ̀ lórí, kí wọ́n wá kà á fún ọ. Ní ọ̀pọ̀ ewì Haúsá, wàá gbọ́ bí òpin ìlà ṣe ń bọ́ sí ìró kan náà. Tiwa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa ń tún ọ̀rọ̀ sọ, ń gbé ohùn sókè, ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ìwé bá sú ọ, gbọ́ Ọláńrewájú Adépọ̀jù, akéwì Yorùbá tó papòdà ní 2023. Inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló ké tirẹ̀ sí.

Àwọn oníbàárà mi rò pé gbèsè nìkan ni mò ń kọ sínú ìwé tó wà lábẹ́ káńtà. Iwájú ni gbèsè wà, ó sì pọ̀. Ẹ̀yìn ni mò ń da ìlà ewì tó bá wọ̀ mí lára kọ sí nígbà tí ọjà bá tutù. Ìlà méjì tó. Kò sí dandan pé kí o fẹ́ràn odindi ewì. Àwọn akéwì mìíràn kàn ń to ọ̀rọ̀ ńlá ńlá jọ ni, mo máa ń ṣí tiwọn kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ yìí ń kánjú jù, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ ti ju ìwé sílẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó kọ̀ ọ́.

Ka “Abiku” méjèèjì sínú fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kí Sátidé tó dé. Bàbá rẹ ní àwọn fẹ́ lò ó fi borí mi. Aṣọ tí o ní kí n rán ti wà lọ́wọ́ awakọ̀, gbà á ní gáréèjì lọ́la.

Ìyá rẹ