Kí a dín iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan kù nílé ìgbẹ̀bí wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Àkúrẹ́ níbí ni mo sì ń gbé.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé bí iye ìbímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní orílẹ̀-èdè kan bá ti ń gòkè dé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú ìyá àti ọmọ a máa dínkù, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, a kò rí i pé ó ń gba ẹ̀mí là sí i. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwádìí ọdún 2018 rí. Àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ tí wọn kò rí i ṣì pọ̀ láàárín wa. Síbẹ̀, èyí tí a fi ìkánjú ṣe náà wà.

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọ àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, oyún àkọ́kọ́ ni. Ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ ṣí ní sẹ̀ǹtímítà 4 nírọ̀lẹ́. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá tí kò tíì kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ abẹ wá pé kó buwọ́ lù ú. Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ìyá kò ru. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un láàyè. Agbẹ̀bí tó gba iṣẹ́ alẹ́ mú un dìde pé kó máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ń fọwọ́ ra ìbàdí rẹ̀ bí ìrora bá ti dé, ó ń mu tíì díẹ̀díẹ̀. Kí ìpè ìrun àsùbáà tó dún, a ti gbọ́ ohùn ìyá, a ti gbọ́ ohùn ọmọ. Láti ọdún 2018 ni àjọ yẹn kan náà ti sọ pé sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé bí ọrùn ilé ọmọ kò bá ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákátì kan, ìyẹn nìkan kò tó láti torí rẹ̀ gbé ọ̀bẹ. N kò dá dókítà náà lẹ́bi púpọ̀, nítorí òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn.

Obìnrin tí wọ́n là láìnídìí kì í dákẹ́. Àwọn aládùúgbò á gbọ́, wọ́n á máa gbàdúrà kí àwọn bí bí obìnrin Hébérù, wọ́n á sì gba ilé àgbẹ̀bí ìjọ lọ, títí kan ẹni tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ nìkan lè yọ nínú ewu. Obìnrin tí wọ́n là láìnídìí náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àpá lára ilé ọmọ, lè lọ rọbí níbẹ̀ nígbà oyún kejì, kí ilé ọmọ náà sì fàya.

Mo rọ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ Oǹdó pé, níbi tí kò bá ti sí pàjáwìrì, kí dókítà àgbà kejì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó là á, kí wọ́n sì máa jókòó lóṣooṣù láti yẹ ìdí iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan wò. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí aláboyún bá yàn dúró tì í, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tí wọ́n dúró tì kì í sábà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ bí ẹni tó dá wà. Wọ́n á ní àyè kò gbà á, ìhòòhò àwọn tó kù á hàn. Aṣọ ìkélé láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì kò ju iṣẹ́ aránṣọ ọjọ́ méjì lọ.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Àkúrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó.