Ẹ má fi kílò lé àwọn ìyá wa kúrò ní ọsibítù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ eékún ni mo bá wá, eékún àwọn ìyá wa tó sanra. Màmá mi ń ta gàárì, kílò 112 ni wọ́n, wọn ò sì ga ju mítà 1.60 lọ, BMI wọn, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bóyá ìwọ̀n èèyàn bá gíga rẹ̀ mu, ti lé ní 43, bó bá sì ti tó 40 làwọn dókítà máa ń sọ pé sísanra yẹn ti le gan-an. Eékún ọ̀tún bàjẹ́ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí alákàn, ọwọ́ kan lára ògiri.

Dókítà tá a kọ́kọ́ rí ò tiẹ̀ ní kí wọ́n ká ìró sókè kó wo eékún yẹn, orí ìwọ̀n ló wò, ó ní kí wọ́n lọ rù kí wọ́n tó padà wá. Ọdún méjì gbáko la fi jókòó sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò lè rìn dé ẹnu géètì, báwo ló ṣe fẹ́ rìn títí tó fi máa rù?

Mo wádìí ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá. Lọ́dún 1989, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, Kozinn àti Scott, ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ẹni tó bá ju kílò 82 lọ, kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ìlàjì eékún fún un, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ ibi tó jẹ nìkan tí wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé irin tí wọ́n bá fi sí i á rì sínú eegun tàbí kó yẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, àwọn dókítà tó ń fi oríṣi ìlàjì eékún kan tí wọ́n ń pè ní Oxford sí aláìsàn lẹ́sẹ̀ yẹ eékún tó lé ní 2,400 wò, àwọn tí BMI wọn lé ní 45 wà níbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, tàwọn tó sanra ò bàjẹ́ ju tàwọn yòókù lọ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Oríṣi tí rọ́bà àárín rẹ̀ máa ń sún lọ sún bọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe gbogbo oríṣi. Àwọn tó sanra ò rìn dáadáa tó àwọn tó fúyẹ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà ló burú jù, ìdẹ̀ra tí wọ́n rí pọ̀. Àjọ NICE ní England, tó máa ń fún àwọn dókítà ní ìlànà ìtọ́jú, ti sọ ọ́ ní 2022 pé kí wọ́n má tìtorí sísanra kọ èèyàn.

Mi ò ní kò séwu o. Ojú egbò lè kẹ̀, oògùn tó ń kunni lóorun lè ṣòro fún wọn, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyẹn ná. Kéèyàn dín kílò kan péré kù, ó tó ẹrù kílò mẹ́rin tó kúrò lórí eékún nígbàkúgbà téèyàn bá gbẹ́sẹ̀. Ká sọ gbogbo èyí fún aláìsàn, kó fúnra rẹ̀ pinnu.

Dókítà kejì ní kí màmá dìde dúró kí wọ́n tó yà wọ́n ní ẹ́sírè, apá inú nìkan ló jẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú egbò ń ṣomi fún ọjọ́ méjìlá, a ò sùn. Kíkúnlẹ̀ ṣì ń ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin, mo wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n kọjú síwájú sọ àtẹ̀gùn, abọ́ gàárì lọ́wọ́, kílò 108.

Ẹsẹ̀ òsì ló kù, January la máa padà lọ.